Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Tí Ọláfúnkẹ́ Fi Gbẹ̀san

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ẹnì kan tí ẹ ò tíì dárí jì. Ìtàn yìí kò ní kí ẹ dárí jì í. Ohun tí obìnrin kan ṣe fún tirẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, àti ibi tí ọ̀rọ̀ náà jù ú sí. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó tì mí tó rò ó fún mi. Kò sunkún, kò sì bẹ̀ mí pé kí n bu omi là á.

Ọláfúnkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni, iṣẹ́ ló gbé e dé Àgbádárìgì. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà alágbèéká ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Mowo. Ìmọ́lẹ̀ Ọ̀sà ni wọ́n ń pè é, Sewanu, ọmọ ìlú Apa nítòsí ibẹ̀, ló dá a sílẹ̀, àwọn ilé-ìwé abúlé etí ọ̀sà ló sì ń ra ọjà wọn. Ọláfúnkẹ́ ni olórí àwọn tó ń dán ẹ̀rọ wò. Kọ̀ǹpútà tí kò bá fọwọ́ sí, kò ní jáde.

Lọ́jọ́ kan, Sewanu pe gbogbo wọn jọ.

"Àwọn olùkọ́ ti ké sí mi létí débi pé mi ò fẹ́ gbé fóònù mọ́," ló wí. "Wọ́n ní kọ̀ǹpútà wa ń gbóná bí agbada tó wà lórí iná. Wọ́n ní bátìrì ń kú kí kíláàsì tó parí."

Gbogbo wọn ló mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Pírósẹ́sọ̀ ni, ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń pè ní ọpọlọ. Èyí tí wọ́n ń rà láti ìbẹ̀rẹ̀ máa ń gbóná, fáànù ni wọ́n sì fi ń tù ú. Fáànù yẹn ń mu iná bátìrì, ó sì ń fa atẹ́gùn òkun wọnú ẹ̀rọ. Ẹ mọ atẹ́gùn òkun tiwa, iyọ̀ ni. Kò ní pẹ́ tí gbogbo inú rẹ̀ á fi dógùn-ún.

"Ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń bá àwọn tá à ń rà lọ́wọ́ wọn díje," ni Sewanu tún wí. "Wọ́n ní ọpọlọ tiwọn kì í gbóná, kò sì nílò fáànù. Mo fẹ́ ká yí sọ́dọ̀ wọn. Ọláfúnkẹ́, ìwọ ni wàá dán an wò. Tó o bá ti ní ó dáa, ó parí nìyẹn."

"Inú mi dùn sí i, sà," ni Ọláfúnkẹ́ fèsì. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́ pé ká yí."

"Aṣojú wọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀gbẹ́ni Olúdọ̀tun lorúkọ rẹ̀."

Ọláfúnkẹ́ ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn ìyẹn mọ́.

Olúdọ̀tun. Ọkùnrin tó yẹ kí àwọn èèyàn rẹ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Ìkọ̀lé. Wọ́n ti gúnyán, wọ́n ti to àga, bàbá Ọláfúnkẹ́ ti wọ agbádá, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Àlejò kankan ò dé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ Olúdọ̀tun wọlé sórí fóònù Ọláfúnkẹ́: "Má bínú. Kò ní lè ṣeé ṣe mọ́. Ọlọ́run á ṣe ọ̀nà mìíràn fún ẹ."

Kò pé oṣù mélòó kan tó gbọ́ pé Olúdọ̀tun ti gbé ọmọ ọ̀gá rẹ̀ níyàwó. Bàbá Ọláfúnkẹ́ ò jáde láàárín ẹgbẹ́ mọ́. Kò jẹ iṣu tuntun ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Ọláfúnkẹ́ mọ ohun tó ru ẹ̀jẹ̀ náà.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Olúdọ̀tun dé. Ó ti sanra díẹ̀, ó wọ bàtà tó ń dán, ó gbé àpótí kan dání tí ẹ̀yà ẹ̀rọ àyẹ̀wò mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Nígbà tó rí Ọláfúnkẹ́, ó gbé àpótí náà bọ́ sí ọwọ́ kejì.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni Ọláfúnkẹ́ kí i, bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Ó ṣàlàyé ọjà rẹ̀ fún Sewanu, ó sọ ọ́ dáadáa. Nígbà tí Sewanu jáde lọ gba ìpè, Olúdọ̀tun rẹ ohùn sílẹ̀.

"Fúnkẹ́, mi ò mọ̀ pé ibí lo wà."

"O ti mọ̀ báyìí."

"Ohun tó ti kọjá ti kọjá. Ọ̀dọ́ ni wá nígbà yẹn."

"Ṣé o gbọ́ pé bàbá mi ti kú?"

Ó wolẹ̀. "Mo gbọ́."

"O ò wá, o ò sì pè."

"Ojú ló tì mí." Ó fi áńkáṣíìfù nu ọrùn. "Jọ̀ọ́, má fi tìgbà yẹn ṣe tòní. Nǹkan ò dáa fún mi. Àna mi tó jẹ́ ọ̀gá mi ti bá mi jà, kò fẹ́ rí mi nílé-iṣẹ́ náà mọ́. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé tí mi ò bá mú Ìmọ́lẹ̀ Ọ̀sà wọlé, kí n máa lọ. Ọwọ́ rẹ ni mo wà."

Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Ó mú ọ̀bẹ, ó fún ẹni tó ṣẹ̀, ó sì tún júwe ibi tó yẹ kó ti gún òun.

"Má ṣèyọnu," ni Ọláfúnkẹ́ dá a lóhùn. "Màá dán an wò bó ṣe yẹ."

Ó sì kọ́kọ́ dán ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò bó ṣe yẹ lóòótọ́. Ó to ẹ̀rọ náà, ó tàn án, ó fún un níṣẹ́ tó wúwo ṣe láti àárọ̀. Nígbà tó fi ọwọ́ kan ìdí rẹ̀ lọ́sàn-án, ó tutù bí omi àmù. Bátìrì rẹ̀ ò tíì sọ̀ kalẹ̀ débì kan.

Inú rẹ̀ bà jẹ́. Ká ní ọjà náà ò dáa ni, òtítọ́ ni ì bá fi lé Olúdọ̀tun lọ, ọwọ́ rẹ̀ ì bá sì mọ́. Ọjà náà dáa ju bó ṣe rò lọ. Olúdọ̀tun á tún mórí bọ́, bó ṣe máa ń mórí bọ́. Á tún padà sílé àna rẹ̀ bí akọni. Bàbá òun wà nínú ilẹ̀ ní Ìkọ̀lé.

Láàárín ọpọlọ ẹ̀rọ àti irin pẹlẹbẹ tó ń fa ooru kúrò lára rẹ̀, pésìtì funfun kan wà tí wọ́n máa ń fi sí i, ó dà bí ọṣẹ ìfọyín. Pésìtì yẹn ló ń jẹ́ kí ooru rí ọ̀nà kọjá. Ọláfúnkẹ́ dúró títí àwọn yòókù fi lọ jẹun. Ó tú ẹ̀rọ náà, ó nu pésìtì rẹ̀ kúrò, ó gé ọ̀rá tín-ín-rín kan tó ń dán bíi díńgí, ó fi í bo orí ọpọlọ náà, ó dè é padà. Ó ṣe èkejì bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣe ẹ̀kẹta lọ́wọ́ nígbà tí Dosi wọlé.

Obìnrin Apa ni Dosi, ọmọ Ẹ̀gùn pọ́ńbélé, òun ni àgbà àwọn tó ń to ẹ̀rọ. Ó dàgbà ju Ọláfúnkẹ́ lọ dáadáa, àmọ́ kò fi ìgbà kan pè é láìfi ẹ̀yin kún un.

"Ẹnjinníà, ẹ ò tíì jẹun. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dè é."

"Ẹ fi sílẹ̀, àǹtí Dosi. Èmi fúnra mi ni màá parí rẹ̀."

"Ṣé ó dáa? Fòfó Sewanu ní tá a bá yí sí tuntun yìí, iṣẹ́ á pọ̀ sí i. Mo ti sọ fún àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi ní Apa pé kí wọ́n máa múra." Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni àwọn Ẹ̀gùn ń pè ní fòfó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pe ọ̀gá wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sewanu ò jù ú lọ.

"A ó rí bó ṣe máa rí," ni Ọláfúnkẹ́ wí. Kò gbójú sókè.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Gbogbo òṣìṣẹ́ pagbo yí tábìlì ká, Sewanu sì dúró láàárín. Wọ́n tan ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Olúdọ̀tun ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fọwọ́ kàn án, sà. Ẹ ó rí i pé kò ní gbóná."

Sewanu fọwọ́ kàn án, ó sì yára fà á sẹ́yìn. Kò pẹ́, àkọ́kọ́ ṣókùnkùn. Wọ́n ń wò ó ni èkejì náà kú. Ẹ̀kẹta ń rùn bí ike tí wọ́n fi sínú iná.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Olúdọ̀tun. "Kò yẹ kó rí báyìí. Sà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀kan wò."

"Tú kí ni?" ni Ọláfúnkẹ́ béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ṣé mi ò mọṣẹ́ mi ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà. Mo kàn fẹ́ wo inú rẹ̀ ni."

Sewanu gbé ọwọ́ sókè. "Ọ̀gbẹ́ni, láti ọjọ́ tí obìnrin yìí ti wà lọ́dọ̀ mi, kò parọ́ fún mi rí. Tó bá ti to ẹ̀rọ, ó ti tò ó nìyẹn. Ẹ kó àpótí yín. Kí àwọn èèyàn yín wá gbé àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí tó bá yá."

Olúdọ̀tun kó àpótí rẹ̀. Bó ṣe ń lọ lójú ọ̀nà, bàtà tó ń dán ń wọ́ erùpẹ̀ Mowo, Ọláfúnkẹ́ dúró sójú fèrèsé, ó ń wò ó. Ó sọ fún mi pé òun ò mọ adùn kankan láyé tó tó adùn ọ̀sán yẹn. Ó ní bí oyin ni, bí ìgbà tí èèyàn bá yọ ẹ̀gún tó ti pẹ́ lẹ́sẹ̀.

Ká ní ó ti mọ síbẹ̀ ni, bóyá ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ̀san tí ẹni tó o san án fún ò mọ̀, ó dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ti lé Olúdọ̀tun lẹ́nu iṣẹ́, ó gbé fóònù, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ tó ti há sórí ránṣẹ́ sí i.

"Má bínú. Kò ní lè ṣeé ṣe mọ́. Ọlọ́run á ṣe ọ̀nà mìíràn fún ẹ."

Ìmọ́lẹ̀ Ọ̀sà padà sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ti ń ra ọpọlọ lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ra púpọ̀, wọ́n tò ó, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ sáwọn ilé-ìwé. Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Fáànù ti dógùn-ún, bátìrì ti wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé kan kó gbogbo tiẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà, ó kó wọn sílẹ̀, kò wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó yí padà, ó lọ.

Láìpẹ́, àwọn tó gbéṣẹ́ fún wọn ní àwọn ò ṣe mọ́. Sewanu rù. Ó pe àwọn tó ń to ẹ̀rọ, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé ná. Gbogbo èèyàn mọ ohun tí "ná" yẹn túmọ̀ sí.

Dosi wà lára wọn. Ó padà sídìí ẹja yíyan tó ti fi sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó wá sí Mowo pẹ̀lú ẹja yíyan tó fi bébà wé.

"Ẹnjinníà, ẹ gbà, ẹ fi sebẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ sa gbogbo ipá yín. Ká ní ọpọlọ tuntun yẹn dáa ni, ẹ̀yin ni ì bá kọ́kọ́ sọ."

Ọláfúnkẹ́ gbà á. Ó dúpẹ́. Nígbà tí Dosi lọ tán, ó gbé ẹja náà fún ọlọ́dẹ. Kò lè fi í sẹ́nu.

Ó fẹ́ lọ tú àwọn ẹ̀rọ mẹ́ta yẹn kó yọ ọ̀rá inú wọn. Inú ọ́fíìsì Sewanu ni wọ́n wà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́, nítorí kò tíì sẹ́ni tó wá gbé wọn. Ó dọ́gbọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sà, ẹ jẹ́ kí n tú àwọn ẹ̀rọ yẹn, ká yọ ohun tó wúlò nínú wọn."

"Ohun olóhun ni," ni Sewanu dáhùn. "Fi sílẹ̀."

Olúdọ̀tun, ní tiẹ̀, jókòó sílé, kò ríṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn. Nígbà àkọ́kọ́ ó rò pé Ọláfúnkẹ́ kàn ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó jẹ́ kí obìnrin náà kọ̀ jálẹ̀ pé kí òun má tú ẹ̀rọ wò. Bí ìyẹn ṣe yé e, ó wọkọ̀, ó forí lé Mowo.

Ọjọ́ tó dé bọ́ sí ọjọ́ tí Sewanu ní kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ti lọ sílé wá gba ẹ̀tọ́ wọn. Gbogbo wọn wà níbẹ̀, Dosi náà wà níbẹ̀. Olúdọ̀tun wọlé, kò wọ bàtà tó ń dán mọ́. Ó na fóònù rẹ̀ sí Sewanu.

"Sà, mi ò wá tọrọ iṣẹ́. Ẹ wo ohun tí ẹnjinníà yín kọ ránṣẹ́ sí mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sí i lọ́jọ́ tí mo já a jù sílẹ̀. Mo ṣẹ̀ ẹ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú àwọn ẹ̀rọ wa."

Sewanu kà á, ó tún un kà. Ó wo Ọláfúnkẹ́. Ó lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé àwọn ẹ̀rọ náà kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sì na tọnifáyà tí wọ́n fi ń tú ìṣó sí Ọláfúnkẹ́.

"Ìwọ lo dè é. Ìwọ ni kó o tú u."

Ọwọ́ Ọláfúnkẹ́ gba tọnifáyà. Ó ní òun ń gbọ́ bí ìṣó kọ̀ọ̀kan ṣe ń já bọ́ sórí tábìlì. Ó ṣí ìdí ẹ̀rọ náà. Ó gbé irin pẹlẹbẹ kúrò. Ọ̀rá náà wà níbẹ̀, ó ti ká kò, ó ti di àwọ̀ búráùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò rí i.

"Àṣìṣe ni, sà," ló wí.

"Tú èkejì," ni Sewanu wí.

Kò tú u. Ó fi tọnifáyà sílẹ̀.

Olúdọ̀tun mí kanlẹ̀. "A ti dọ́gba báyìí, Fúnkẹ́."

Ọláfúnkẹ́ yíjú sí i. "A ò dọ́gba. Iṣẹ́ ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ, iṣẹ́ á sì tún wá. Bàbá mi ń kọ́?"

Sewanu ló sọ̀rọ̀, kò pariwo.

"Mi ò ní pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá á tì ẹ́ mọ́lé, á fi ẹ́ sílẹ̀, ara á sì tù ẹ́. Kọjú sí àwọn èèyàn yìí. Sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó o sì máa pe orúkọ wọn, pé ìwọ lo lé wọn lẹ́nu iṣẹ́. Tó o bá parí, máa lọ."

Ó sì sọ ọ́. Ó pe Látífàt, ó sọ fún un. Ó pe Morìnsọ́lá, ó sọ fún un. Àwọn kan ṣépè fún un, àwọn kan kàn ń wò ó. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Dosi, Dosi ti dìde, ó ti kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń jáde lọ.

Ẹ ó fẹ́ mọ bó ṣe parí. Sewanu ra ọpọlọ tuntun yẹn, wọ́n to ẹ̀rọ mìíràn, àwọn ilé-ìwé díẹ̀ sì padà wá. Ẹni tí Sewanu gbà láti máa dán ẹ̀rọ wò ni Olúdọ̀tun. Bẹ́ẹ̀ ni, Olúdọ̀tun, lórí àga tí Ọláfúnkẹ́ máa ń jókòó sí. Ọláfúnkẹ́ fúnra rẹ̀ ń tẹ iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Otto. Kò síléeṣẹ́ tó ń fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láti Mowo títí dé Ìkẹjà tí kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Mo bi í bóyá ó kábàámọ̀.

"Ohun tí mo ṣe fún Olúdọ̀tun, mi ò kábàámọ̀ rẹ̀," ló wí. "Tó bá tún gba ọ̀nà yẹn wá, mi ò mọ ohun tí màá ṣe. Ti àwọn obìnrin Apa ni kò jẹ́ kí n sùn."

Ó lọ bẹ Dosi ní Apa, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí ju gbogbo ibi yòókù lọ, ẹ̀yin tí ẹ ń pọ́n ọ̀bẹ de ẹnì kan. Ó bá a nídìí ààrò, ó ń yí ẹja padà nínú èéfín. Ọláfúnkẹ́ kúnlẹ̀ sínú iyanrìn.

"Àǹtí Dosi, ẹ dárí jì mí. Ẹ ò mọ ohun tí ọkùnrin yẹn fojú mi rí."

Dosi yí ẹja tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀. Kò sọ pé kó dìde.

"Ìwọ," ló wí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra. "Ká ní o wá bá mi pé ọkùnrin kan pa bàbá rẹ, pé kí n wá bá ẹ dì í mú, mi ò ní béèrè ìdí. Màá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, wàá sì gún un. Ṣùgbọ́n o ò wá. Èmi lo gún."

Ó nu ojú rẹ̀ nítorí èéfín, ó mú ẹja mìíràn, ó sì yí i padà.